Téèpù ni kí ẹ yàwòrán fún: gbígba àwòrán Amiga sórí VHS

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀rọ fídíò. Wọ́n á yàwòrán sórí kọ̀ǹpútà Amiga títí yóò fi máa dán gbinrin lójú mọ́nítọ̀, wọ́n á gbà á sórí VHS, wọ́n á dá téèpù padà, wọ́n á tún un wò. Pupa á ti ṣàn kọjá ààlà rẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ kò ní ṣeé kà mọ́, ìlà tín-ín-rín á máa gbọ̀n rìrì. Wọ́n á wá dá téèpù lẹ́bi, wọ́n á ra èyí tó wọ́n jù ú lọ, ohun kan náà ni wọ́n á tún rí. Téèpù kò ṣẹ̀ wọ́n. Mọ́nítọ̀ ni wọ́n yàwòrán fún. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí téèpù lè gbé kó tó fọwọ́ kan máòsì, ẹ̀rọ fídíò ilé lásán á ṣe iṣẹ́ tó mọ́ fún un.

Amiga 500 ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Commodore gbé jáde lọ́dún 1987. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìgbà yẹn, ìdílé Amiga ló bá fídíò rẹ́ jù, nítorí pé bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń fa ìlà gan-an ni òun náà ṣe ń fà á: lórí ẹ̀rọ PAL (ètò tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì), ìlà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, field (ìdajì àwòrán) 50, tí méjì méjì wọn ń di férémù kan. Ohun tí mo bá sọ nípa àwọ̀ àti ìlà kan Atari ST àti Commodore 64 náà. PC tó ń lo VGA (ètò àwòrán mọ́nítọ̀ PC) ní wàhálà tirẹ̀, màá kàn án nísàlẹ̀.

Ohun tí téèpù lè gbé

VHS kì í gbé ju nǹkan bíi 3 MHz ìmọ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ìyípo mílíọ̀nù mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká fi wé kọ̀ǹpútà. Nínú móòdù 320, níbi tí ìlà kan ti ní píksẹ́lì (ẹ̀kán àwòrán) 320, Amiga PAL ń tú píksẹ́lì jáde ní ìwọ̀n 7.09 MHz. Bí ẹ bá to píksẹ́lì funfun kan, dúdú kan, funfun kan, dúdú kan lọ títí, méjì ló ń ṣe ìyípo kan, ìyẹn 3.55 MHz. Ó ti kọjá agbára téèpù. Eérú ni gbogbo rẹ̀ á dà. Nínú móòdù 640 ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlọ́po méjì ni, 7.1 MHz, téèpù kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ lẹ́tà tó bá fẹ̀ ní píksẹ́lì kan nínú móòdù 320 kò lè dúró. Méjì ni kó kéré jù, mẹ́ta ló dáa. Bó bá jẹ́ móòdù 640 lẹ ń lò, mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́tà tí kò bá ga tó ìlà 20, ẹ má dà á láàmú, ẹ fi sílẹ̀ fún mọ́nítọ̀.

Àwọ̀ ló wá burú jù. VHS kì í gba àwọ̀ bó ṣe wọlé. Àwọ̀ PAL máa ń gun orí 4.43 MHz wá, ẹ̀rọ fídíò á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 627 kHz, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, níbi tí àyè kò ti tó nǹkan. Àyè tó kù fún àwọ̀ kò ju nǹkan bíi ìdajì MHz lọ. Ìlà kan tí ojú ń rí gùn tó 52 µs (ìdá 52 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ ṣírò rẹ̀: láti etí òsì dé etí ọ̀tún, àwọ̀ kò lè yí padà ju nǹkan bí ìgbà 50 lọ. Lójú Amiga, ìyẹn ni pé àwọ̀ kan nílò píksẹ́lì bíi méje kó tó lè yanjú sí òmíràn. Ẹnu ibi tí ìyípadà náà ti ń lọ lọ́wọ́ ni pupa ti ń ṣàn.

Ohun tó máa gba lẹ́tà yín là ni ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ìyàtọ̀ àwọ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ rèé: pupa kó ìdá 30 nínú 100, àwọ̀ ewé kó 59, búlúù kó 11. Yẹ́lò jẹ́ pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé, ìyẹn 89. Yẹ́lò lórí búlúù wá di 89 sí 11: àwọ̀ lè ṣàn bó ṣe fẹ́, lẹ́tà á ṣì ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Pupa lórí búlúù jẹ́ 30 sí 11, kò lágbára. Àwọ̀ àlùkò tó jẹ́ àpapọ̀ pupa àti búlúù jẹ́ 41. Bí ẹ bá gbé e lé orí àwọ̀ ewé tó jẹ́ 59, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti dán an wò ni kí ẹ yọ àwọ̀ kúrò lára tẹlifíṣọ̀n pátápátá kí ẹ sì ka àkọlé náà ní dúdú àti funfun. Tí kò bá ṣeé kà báyẹn, kò ní ṣeé kà lórí téèpù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín agbára àwọ̀ kù. Amiga ń ka pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù láti 0 dé 15, àwọ̀ 4,096 lápapọ̀. Pupa 15,0,0 ni ọ̀tá VHS. Ẹ sọ ọ́ di 12,2,2 tàbí 11,1,1. Lójú mọ́nítọ̀ á dà bíi pé ó ti ṣá díẹ̀, lórí téèpù òun ló máa jọ pupa. Funfun náà, ẹ má gbé e kọjá 14,14,14. Ìdí ni pé VHS ń kọ ìmọ́lẹ̀ ní FM: ìsàlẹ̀ sync (àmì tó ń sọ ibi tí ìlà àti àwòrán ti bẹ̀rẹ̀) wà ní 3.8 MHz, funfun wà ní 4.8 MHz. Kó tó kọ ọ́, ó máa ń ti ẹnu ibi tí dúdú ti yí sí funfun lójijì sókè sí i, kí ariwo téèpù má bàa bò ó. Bí funfun bá ti wà lókè téńté tẹ́lẹ̀, títì yẹn á gbé e kọjá ààlà, ẹ̀yin á sì máa rí fọ́nrán dúdú tó ń fà tẹ̀lé ẹ̀yìn lẹ́tà funfun. Fídíò tí héèdì rẹ̀ ti ń gbó máa ń ṣe é jù. Ẹ má kó owó lé atúnfídíòṣe lọ́wọ́ kí ẹ tó dín funfun yín kù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn píksẹ́lì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a ń tò mọ́ra wọn láti fi dọ́gbọ́n ṣe àwọ̀ tí kò sí nínú páleètì. Lójú mọ́nítọ̀ ó rẹwà. Nínú composite (wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pọ̀), ọ̀rọ̀ mìíràn ni: nínú móòdù 640, àtòpọ̀ tó ń yí ní píksẹ́lì mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ 4.7 MHz, ó sì sún mọ́ 4.43 MHz tí àwọ̀ ń gùn débi pé tẹlifíṣọ̀n á kà á sí àwọ̀. Òṣùmàrè á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ohun tí ẹ yà ní eérú.

Ìlà tó ń gbọ̀n, etí tó ń sọnù

Móòdù ìlà 512 ni wọ́n ń pè ní interlace. Field kan ń gbé ìlà 1, 3, 5, èkejì ń gbé 2, 4, 6. Ìlà àdábù (èyí tó lọ láti òsì sí ọ̀tún) tó nípọn bí ìlà kan ṣoṣo, inú field kan ni yóò wà, nítorí náà ìgbà 25 péré ni yóò tàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú èèyàn sì ń rí 25 bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlà àdábù nípọn tó méjì, kí ẹ sì fi àwọ̀ àárín sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí funfun ti pàdé dúdú. Bí iṣẹ́ náà kò bá nílò ìlà 512, ẹ dúró sórí 256 jẹ́ẹ́. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa 256: field kan á ní ìlà 313 dípò 312 àtààbọ̀ tí PAL fẹ́. Ẹ̀rọ fídíò ilé kò ka ìyẹn sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè kọ̀ ọ́. Bí téèpù yín bá ń lọ síbẹ̀, interlace ni.

Ti etí, tẹlifíṣọ̀n máa ń fi férémù rẹ̀ bo díẹ̀ nínú àwòrán yíká. Òfin àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn ni pé kí lẹ́tà wà nínú ìdá 80 àárín, kí ohun tó ń rìn wà nínú ìdá 90. Bí ìyẹn ṣe kan Amiga ló ń rú èèyàn lójú. Ìlà tó hàn, 52 µs, jẹ́ píksẹ́lì 369 ní móòdù 320, ṣùgbọ́n 320 ni pátákó Amiga lásán, ìyẹn ojú ibi tó ń yàwòrán sí. Ìlà tó hàn jẹ́ 288 sókè sísàlẹ̀, ẹ̀yin ní 256. Èyí ni pé pátákó yín ti wà nínú ìdá 87 sí 89 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi píksẹ́lì 13 sílẹ̀ lápá òsì, 13 lápá ọ̀tún, ìlà 13 lókè àti 13 nísàlẹ̀, lẹ́tà yín ti bọ́ sí ibi ààbò. Àmọ́ bọ́dà tó yí pátákó ká á hàn gbangba lórí téèpù. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n rí i, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ bọ́dà àti àwọ̀ ilẹ̀ àwòrán jẹ́ ọ̀kan, tàbí kí ẹ ṣí overscan (àyè tó kọjá pátákó) nínú Deluxe Paint, ètò ìyàwòrán Amiga, kí ẹ sì ya ilẹ̀ rẹ̀ dé etí.

Wáyà

Ẹ̀yìn Amiga 500 ní ihò fídíò kékeré kan tó dà bíi pé òun gan-an lẹ ń wá. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, dúdú àti funfun nìkan ló ń gbé jáde. Àwọ̀ wà nínú ihò RGB (pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) oní-píìnì 23. Ohun tó ń sọ RGB di composite alálàwọ̀ lẹ máa kì bọ ibẹ̀: A520 tí Commodore fúnra rẹ̀ ṣe, tàbí encoder tí èèyàn fi chip bíi CXA1645 tàbí AD724 kọ́. A1000, A600 àti A1200 ní composite alálàwọ̀ nínú ara wọn, ẹ kò nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra encoder, ẹ wo kírísítà orí rẹ̀. Ti PAL jẹ́ 4.433619 MHz, ti NTSC (ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà) jẹ́ 3.579545 MHz. Encoder tó wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú kírísítà 3.58 á fún yín ní àwòrán dúdú àti funfun tó mọ́ lórí fídíò PAL, ẹ ó sì máa yí wáyà kiri lásán. Encoder tó ní S-Video (tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) dára, àmọ́ S-VHS, tó jáde lọ́dún 1987, ló máa jẹ èrè rẹ̀ dáadáa: ó ń gbé nǹkan bí ìlà 400 níbi tí VHS ti ń gbé 240.

Ọ̀pọ̀ fídíò tó ní SCART (ihò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ oní-píìnì púpọ̀) kì í gba RGB wọlé bí wáyà náà tilẹ̀ ní gbogbo píìnì. Composite ni wọ́n ń gbà, ní píìnì 20. Ẹni tó bá fi wáyà RGB so Amiga mọ́ fídíò yóò rí òkùnkùn tàbí dúdú àti funfun.

Ọ̀rọ̀ 75 Ω (óómù, ìwọ̀n ìdènà iná) kì í ṣe àwàdà. Composite jẹ́ 1 V láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 0.3 V fún sync, 0.7 V fún àwòrán, ẹnu ibi tó parí sí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 75 Ω. Bí ẹ bá fi plọ́ọ̀gì onímẹ́ta pín in sí fídíò àti mọ́nítọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 75 Ω méjì á para pọ̀, ohun tó kù á di nǹkan bíi 0.67 V. Àwòrán á ṣókùnkùn, sync á wálẹ̀ sí 0.2 V, àwòrán á sì lè máa yí gbirigbiri. Ẹ má pín in. Ẹ ti kọ̀ǹpútà bọ fídíò, kí ẹ ti fídíò jáde bọ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà yìí ní àǹfààní kejì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: ohun tó ti gba inú fídíò kọjá lẹ̀ ń wò, ẹ ó sì tètè mọ̀ bí àwọ̀ bá sá tàbí bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù. Bọ́tìnnì AV tàbí LINE ni kí ẹ tẹ̀ lórí fídíò, kì í ṣe nọ́ńbà ìkànnì.

RF, wáyà eriali, ni kó kẹ́yìn nínú ohun tí ẹ máa lò. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí kò ní ọ̀nà mìíràn lè ṣe é, àmọ́ kó mọ ohun méjì. Èkíní, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì UHF 36, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fídíò ń gbé tirẹ̀ jáde sí. Àwọn méjèèjì á kọlu ara wọn, ìlà bí egungun ẹja á bo àwòrán. Ẹ̀yìn fídíò ní síkúrúù kékeré kan tí ẹ lè fi gbé e kúrò níbẹ̀. Èkejì kan àwa tí a ń lò ó ní Nàìjíríà. Ohùn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 6.0 MHz sí àwòrán, tiwa wà ní 5.5 MHz. Commodore 64 tí ẹ̀gbọ́n gbé wá láti Lọ́ńdọ̀nù á gbé àwòrán tó mọ́ wọ fídíò tí a rà nílé, ohùn rẹ̀ kò ní jáde. Kò bàjẹ́. Ẹ gba ohùn láti ihò AV rẹ̀.

Ní ti ohùn Amiga, ìkànnì mẹ́rin ló ní: 0 àti 3 ń lọ sí òsì, 1 àti 2 ń lọ sí ọ̀tún, kò sí èyí tó ń dé àárín. Fídíò elétí kan tí ẹ bá ki wáyà òsì nìkan bọ̀ á gba ìdajì orin, ìlù lè wà kí béèsì má sí. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, àmọ́ ẹ má kàn so wọ́n mọ́ra ní tààràtà, nítorí pé ọ̀kan á máa fa èkejì. Ẹ fi rẹsístọ̀ 1 kΩ sí ẹnu òsì, 1 kΩ sí ẹnu ọ̀tún, kí ẹ sì so ẹ̀yìn wọn pọ̀ wọ ihò ohùn.

Ní ọjọ́ ìgbàsílẹ̀

Téèpù E-180 tuntun ni kí ẹ lò, ní SP (ìyára déédéé). Wákàtí mẹ́ta ló ń gbà lórí PAL, téèpù inú rẹ̀ sì nípọn ju ti E-240 lọ. LP ń dín ìyára kù sí ìdajì, àwòrán á sì rí bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Ẹ yí téèpù náà dé òpin, kí ẹ yí i padà, kí ó lè dì dáadáa. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, òkùnkùn ni kí ẹ gbà síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni téèpù ti ń tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya ọ̀pá àwọ̀ mẹ́jọ (funfun, yẹ́lò, sáyàànì, ewé, àlùkò, pupa, búlúù, dúdú) pẹ̀lú iye 11 dípò 15, kí ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 30 rẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ wò ó. Ohun tí ọ̀pá yẹn bá ṣe ni iṣẹ́ yín náà máa ṣe. Etí yẹ́lò bá ṣàn wọ sáyàànì ní ìwọ̀n píksẹ́lì méje, ìwà VHS nìyẹn. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ wo héèdì tàbí wáyà.

Ẹ gbé gbogbo ohun tí ẹ máa fi hàn sínú RAM kí ẹ tó tẹ record. Disiki tó ń kà lọ́wọ́ máa ń mú kí àwòrán tó ń rìn máa dákú dájí. Pátákó 320 sí 256 aláwọ̀ 32 jẹ́ báìtì 51,200, méjì rẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà nílò kó má bàa máa yàwòrán lójú èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ yí odindi pátákó ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn á jẹ́ báìtì 1,280,000 fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kò sì ṣeé ṣe nínú Amiga 500 oní-512 KB. Ìdí nìyẹn tí Deluxe Paint III, tó jáde lọ́dún 1989, fi ń tọ́jú ìyàtọ̀ àárín férémù kan sí èkejì nìkan. Ẹ ràn án lọ́wọ́: kí ilẹ̀ dúró, kí nǹkan kékeré máa rìn lórí rẹ̀. Àwọ̀ 16 dípò 32 á dá ìdá kan nínú márùn-ún padà fún yín, 40,960.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọfà máòsì kúrò lójú, ẹ fi òkùnkùn sí pátákó, ẹ tẹ record, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tó jẹ́ kí àwòrán bẹ̀rẹ̀. Dírọ́ọ̀mù inú fídíò ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, sync tó ń wọlé ló sì ń tẹ̀lé bó ṣe ń yí. Ẹ fún un láyè kó fìdí múlẹ̀. Bí sync bá já láàárín, bí ẹ bá ti interlace bọ́ sí èyí tí kì í ṣe interlace, tàbí ètò kan parí tí Workbench (ojú iṣẹ́ Amiga) fò jáde, dírọ́ọ̀mù á ṣìnà fún ìgbà díẹ̀, àpá rẹ̀ kò sì ní kúrò lórí téèpù láéláé. Móòdù kan ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Pause kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ìdádúró gígùn. Ọ̀pọ̀ fídíò máa ń jáwọ́ fúnra wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí héèdì má bàa ha téèpù níbì kan náà. Ibi tí iná kò bá sì ti dúró, ẹ gbà á lé orí UPS. Fídíò lè fara da kí iná ṣẹ́jú, Amiga kò ní, gbogbo ohun tó wà nínú RAM á sì bá a lọ.

Kíkọ àkọlé lé orí àwòrán kámẹ́rà

Genlock ló ń ṣe èyí, òun ló sì sọ Amiga di ohun èlò àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti àwọn tó ń ṣe fíìmù. Rendale 8802 àti A2300 wà lára àwọn tí wọ́n lò. Wọ́n ń gba signal kámẹ́rà, wọ́n á sì mú kí aago Amiga máa tẹ̀lé e, kí ìlà kọ̀ǹpútà àti ti kámẹ́rà lè máa bẹ̀rẹ̀ lásìkò kan náà. Níbikíbi tí àwọ̀ 0 bá wà lórí pátákó, kámẹ́rà á hàn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá. Àwọ̀ 0 sábà máa ń jẹ́ dúdú, nítorí náà oníṣẹ́ á fi dúdú kan náà ya òjìji lẹ́tà, genlock á sì la ihò sí ibi òjìji náà. Ẹ fi 0,0,0 sí àwọ̀ 1 pẹ̀lú, kí ẹ sì fi àwọ̀ 1 ya òjìji. Lójú mọ́nítọ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n, genlock mọ ìyàtọ̀ wọn.

Lẹ́tà tí wọ́n ti rọ etí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ àárín máa ń gbé òrùka eérú yíká ara rẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, torí ilẹ̀ dúdú ni wọ́n rọ ọ́ sí. Ẹ fi ìlà dúdú píksẹ́lì méjì, láti inú àwọ̀ 1, yí lẹ́tà ká. Ó ń pa òrùka yẹn, ó sì tún ń gba lẹ́tà sílẹ̀ bí ẹ̀yìn bá jẹ́ aṣọ funfun.

Kámẹ́rà tààrà ló dára jù fún genlock. Bí ó bá jẹ́ téèpù lẹ fẹ́ ti bọ̀ ọ́, ìlà téèpù kì í dúró sójú kan, kọ̀ǹpútà á sì máa gbọ̀n tẹ̀lé e. Ìran kejì, ìyẹn àdàkọ téèpù, sì ni ẹ ń gbà yẹn. Nínú VHS, ìran kọ̀ọ̀kan ń mú kí àwọ̀ jábọ́ sísàlẹ̀ ní ìlà kan tàbí méjì sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìran kẹta, ètè á ti wà lórí àgbọ̀n. Nítorí náà, ẹ kọ àkọlé lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe àkópọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Férémù kọ̀ọ̀kan

Àwòrán 3D tí kọ̀ǹpútà ń fi wákàtí ṣírò férémù kan kò lè ṣeé gbà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe ni kí fídíò máa gba férémù kan lẹ́yìn òmíràn: á padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún, á sáré bọ̀, á kọ férémù kan, á dúró. Bí ìyẹn bá gba ìṣẹ́jú àáyá 30, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àwòrán, tó jẹ́ férémù 250, á gba wákàtí méjì lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ibì kan náà lórí téèpù sì ni héèdì á máa fi ara ha lọ ha bọ̀. Fídíò ilé kò ṣeé lò fún un. Héèdì tó ń pa ohun àtijọ́ rẹ́ nínú rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn sí dírọ́ọ̀mù, tí ẹ bá sì ki férémù bọ àárín ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, òṣùmàrè á bo ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tó ní héèdì ìparẹ́ lórí dírọ́ọ̀mù gan-an ni ó lè ṣe é. Ẹni tí kò bá ní in, kó ṣírò gbogbo férémù sórí disiki, kó dín àwọ̀ àti ìwọ̀n wọn kù títí wọ́n á fi wọ RAM, kó sì gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

VGA ńkọ́? Ìlà 31,469 ló ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po méjì ti tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí wáyà tó lè yanjú ìyẹn. Scan converter tó ní ìrántí nínú nìkan ló lè ṣe é, ẹ sì rí i pé ó ní bọ́tìnnì tó ń pa ìgbọ̀nrìrì ìlà. Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) tó ní ihò 3.5 mm wá rọrùn ju PC lọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é lónìí: composite wà nínú ihò náà, nínú ètò Raspberry Pi OS ti àtijọ́ ẹ kọ sdtv_mode=2 sínú config.txt fún PAL, lórí Pi 4 ẹ fi enable_tvout=1 kún un. Ilẹ̀ wáyà náà wà ní òrùka kejì, fídíò wà ní ìdí. Wáyà kámẹ́rà àtijọ́ máa ń yí méjèèjì padà, ohùn á jáde, àwòrán kò ní sí.

Bí téèpù náà bá ń lọ sókè òkun, ẹ béèrè ibi tó ń lọ kí ẹ tó gbà á. Fídíò VHS Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìlà 625, field 50. Amẹ́ríkà àti Cuba ń lo NTSC, ìlà 525. Brazil ń lo PAL-M, tó jẹ́ àwọ̀ PAL lórí ìlà 525, nítorí náà orúkọ PAL tó wà lára téèpù yín kò ní ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Yíyí Amiga PAL sí 60 Hz kò sọ ọ́ di NTSC, ìlà nìkan ló yí, àwọ̀ ṣì ń gun 4.43, fídíò Amẹ́ríkà kò sì ní rí àwọ̀ kankan.

Iléeṣẹ́ Funai, tó ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS kẹ́yìn, jáwọ́ nínú rẹ̀ ní July 2016, nítorí náà ẹ tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́. Ọ̀rinrin máa ń hu èbu funfun sí etí téèpù. Ẹ má ki èyí tó bá ti ní èbu bọ fídíò rere, á kó o bá héèdì. Bí ìgbàsílẹ̀ bá ti parí, ẹ yí téèpù padà dé ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e, ẹ nà án ró lóòró bí ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i lára: PAL, SP, interlace tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́, àti bóyá ìran kìíní ni.